Ọ̀pá Tí Wọn Kò Wọ̀n

Ní ìlú kan létí ọ̀sà, ọkùnrin kan ń gbé níbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá ṣíṣe. Kì í ṣe ọ̀pá tí arúgbó fi ń rìn. Ọ̀pá tí àwọn òṣìṣẹ́ iná mànàmáná ń lò ni. Bí igi bá wó lu wáyà, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ yọ fíúsì lórí òpó, òṣìṣẹ́ á jìnnà díẹ̀ sí wáyà náà, á na ọ̀pá sí i nígbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀, á sì fi ṣe ohun tó fẹ́ ṣe. Iná wà ní orí ọ̀pá. Ọwọ́ èèyàn wà ní ìdí rẹ̀. Kò sí ohun mìíràn láàárín àwọn méjèèjì ju ọ̀pá náà lọ.

Wọn kì í fi irin ṣe irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀, nítorí irin á gbé iná wá bá ọwọ́. Igi náà kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí igi máa ń mu omi. Fáíbà ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á mú òwú tín-ín-rín tí wọ́n fi dígí ṣe, wọ́n á rì í sínú oje kẹ́míkà kan tó máa ń le bí òkúta bó bá yá, wọ́n á fa gbogbo rẹ̀ gba inú ihò gbígbóná kan, á sì jáde ní ọ̀pá tó fúyẹ́, tó lágbára. Dígí kì í gbé iná. Oje náà kì í gbé iná. Ohun tí àwọn méjèèjì bá para pọ̀ dà, kò yẹ kí ó gbé iná.

Ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ́ ọ ní yunifásítì, ó sì tún kọ́ sí i lókè òkun. Ó mọ bí agbára dígí ṣe tó láti dí iná lọ́nà, ó mọ bí ti oje ṣe tó. Ìṣirò kan wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Tó bá ti sọ fún ìṣirò yìí pé òwú báyìí ni òun fẹ́ lò, oje báyìí ni òun fẹ́ pò mọ́ ọn, ìṣirò náà á sọ fún un bí ọ̀pá tí wọn kò tíì ṣe yóò ṣe rí lọ́jọ́ tó bá fojú kan iná. Ẹ má rò pé ìṣirò ẹ̀tàn ni o. Ìṣirò gidi ni, àwọn ọ̀mọ̀wé ló jókòó ṣe é.

Obìnrin kan ń bá a ṣiṣẹ́ tí òun náà jẹ́ ẹnjiníà. Wíwọ̀n ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan wà níkàáwọ́ rẹ̀. Á gbé ọ̀pá lé e, á rán iná sí ọ̀pá náà, iná tó le ju èyí tí ọ̀pá náà yóò bá pàdé lórí òpó lọ, á wá wo abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà bóyá iná ń yọ́ gba inú ọ̀pá kọjá. Lẹ́yìn náà á pa iná, á sì fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọ̀pá náà láti ìdí títí dé orí. Ọ̀pá tó dára á tutù. Bí ibì kan bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, iná ti ń rìn níbẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo ọ̀pá ni wọ́n ń wọ̀n. Ohun tí ìṣirò bá sọ ni ẹ̀rọ ń sọ. Inú ọkùnrin náà dùn. Ó sọ fún obìnrin náà pé, "Ẹnjiníà, ẹ̀rọ yín yìí kàn ń tún ọ̀rọ̀ mi sọ ni." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n ń wọ̀n díẹ̀ nínú púpọ̀. Iṣẹ́ wá pọ̀ sí i, àwọn iléeṣẹ́ iná láti ìlú mìíràn ń ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ ọ̀pá kí òjò tó dé. Ẹnì kan ta aṣọ bo ẹ̀rọ náà nítorí eruku. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ pé kí wọ́n má wọ̀n mọ́. Wọ́n kàn ń sún un síwájú ni, títí aṣọ náà fi mọ́ wọn lójú, bíi pé ibẹ̀ ló ti wà látilẹ̀.

Ó wá di ọdún kan tí òjò tètè dé. Òwú tuntun tí wọ́n rà ti wà nínú ilé ìkẹ́rùsí wọn fún ìgbà díẹ̀, ilé náà sì kọjú sí ọ̀sà. Obìnrin tó ń wọ̀n yìí fọwọ́ kan òwú náà nígbà tí wọ́n ń kó o jáde. Ó rí bí aṣọ tí wọ́n ká kúrò lórí okùn kí ó tó gbẹ.

Ó lọ bá ọkùnrin náà. Ó ní, "Ọ̀gá, òwú yìí ní ọ̀rinrin."

Ọkùnrin náà ní, "Ihò tí a ń fà á gbà gbóná. Yóò gbẹ níbẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n àwọn ọ̀pá náà kí wọ́n tó lọ."

"Ẹnjiníà, kí ni a fẹ́ wọ̀n? Dígí ṣì ni dígí. Oje ṣì ni oje. Mo mọ ohun tí mo fi ṣe é."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀pá náà ṣe lọ. Iléeṣẹ́ iná ìlú náà gbà nínú wọn, wọ́n sì pín wọn fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gun òpó. Ọkọ àbúrò ọkùnrin yìí wà lára wọn. Ó gbé ọ̀pá tirẹ̀ lọ sílé lọ́jọ́ náà, ó fi han ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ."

Ọ̀rọ̀ òwú náà kò kúrò lọ́kàn obìnrin tó ń wọ̀n. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ojú ọ̀run ti ṣú, ó rí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá náà tó ṣẹ́kù nítorí pé ọ̀dà rẹ̀ kò dọ́gba. Ó ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó gbé ọ̀pá náà lé e, ó rán iná sí i. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà gbéra. Kò dúró níbi tó yẹ kó dúró. Obìnrin náà yára pa iná. Ó fọwọ́ ra ọ̀pá náà láti ìdí. Ìdí rẹ̀ tutù. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé àárín, ó gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe.

Ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà. Ọkùnrin náà fọwọ́ kàn án, ó sì fà á sẹ́yìn kíá.

Ó ní, "Ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́. Ẹ ti pa á tì ó ti pẹ́."

Obìnrin náà gbé ọ̀pá àtijọ́ kan wá, ó wọ̀n ọ́n lójú rẹ̀. Ọ̀pá náà tutù láti ìdí dé orí. Ó tún gbé tuntun padà. Ó gbóná.

Ìbẹ̀rù mú ọkùnrin náà nígbà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìbẹ̀rù tó jẹ́, nítorí oríṣiríṣi ìbẹ̀rù ló wà. Kì í ṣe àwọn tó ń gun òpó ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Orúkọ rẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn. Ó ń ro bí yóò ṣe pe àwọn iléeṣẹ́ náà, ohun tí wọn yóò wí, ojú tí wọn yóò fi máa wò ó láti ọjọ́ náà lọ. Ó wọ inú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìṣirò náà ṣe.

Ìṣirò náà sọ fún un pé ọ̀pá dára. Ó yí i padà díẹ̀, ó dín dígí kù, ó fi oje kún un. Ìṣirò náà tún sọ fún un pé ọ̀pá dára. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó jókòó tì í bí èèyàn ṣe ń jókòó ti ọ̀rẹ́ tí kò ní sọ ohun tí a kò fẹ́ gbọ́.

Obìnrin náà kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí a pè wọ́n."

"Ẹ fún mi láyè díẹ̀. Ohun tí ìṣirò sọ ni pé kò lè rí bẹ́ẹ̀."

Ó ní, "Ọ̀gá, kò sẹ́ni tó sọ fún ìṣirò yẹn pé òjò rọ̀."

Ọkùnrin náà yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Níta, atẹ́gùn ti dé láti orí ọ̀sà, ó ń gbá páànù. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ààrá sán níbi tí kò jìnnà. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbọ́ ìró kan bí igi ńlá tó ya, iná ibi iṣẹ́ náà sì lọ. Kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn lójú ọkùnrin náà. Ó rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ó tó yé e. Igi ti wó lu wáyà níbì kan. Wọn yóò pe àwọn tó ń gun òpó. Wọn yóò mú ọ̀pá dání.

Ó pe ọkọ àbúrò rẹ̀. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó pe àbúrò rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ní, "Bọ̀dá mi, wọ́n ti wá gbé e. Wọ́n ní igi já wáyà lójú ọ̀nà oko. Ó ti mú ọ̀pá yín lọ. Ṣé kò sí nǹkan o?"

Ohun tó sọ ni pé, "Kò sí nǹkan kan." Ó sì pa fóònù.

Òun àti obìnrin náà kó sínú ọkọ̀. Obìnrin náà ló wakọ̀. Ọkùnrin náà ń pe iléeṣẹ́ iná. Fóònù wọn kò wọlé. Nígbà tí ẹnì kan jàjà gbé e, ó pariwo sí i pé, "Ẹ sọ fún àwọn tó wà lójú ọ̀nà oko kí wọ́n má lo ọ̀pá tuntun!" Ẹni náà ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Kí ó tó dárúkọ, ìpè náà já. Òjò ń lu gíláàsì ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi rí iwájú dáadáa. Gbogbo òpó tí wọ́n bá kọjá ni ọkùnrin náà ń wò. Ẹ̀rù ń bà á pé òun lè máà rí èèyàn lórí rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á pé òun lè rí i.

Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, àwọn èèyàn ti dúró yí ibì kan ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọkọ̀ iléeṣẹ́ iná wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ọ̀pá náà wà nínú koríko, tuntun, ó ń dán nínú òjò. Láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, ọkùnrin náà rí bàtà ẹnì kan tó dùbúlẹ̀. Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, kò lè sún síwájú.

Ọkọ àbúrò rẹ̀ bá jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀ iléeṣẹ́ náà. Ara rẹ̀ pé. Ó rin gbingbin fún òjò, ó sì ń gbọ̀n.

Ọkùnrin náà sáré lọ dì mọ́ ọn. Ó ń sọ pé, "Ọlọ́run ṣeun! Ọlọ́run ṣeun!" Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé àwọn èèyàn yíjú wò ó.

Ọkọ àbúrò rẹ̀ rọra tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ṣówándé ni."

Ọkùnrin náà kò mọ Ṣówándé. Kò gbọ́ orúkọ náà rí.

Ọkọ àbúrò rẹ̀ ní, "Èmi ló yẹ kí n lọ sókè. Ó ní bàtà mi ń yọ̀, pé kí n fi sílẹ̀ fún òun. Mo ní kí a dúró kí òjò dá. Ó ní kò séwu, ó ní ṣebí àna mi ló ṣe ọ̀pá náà." Lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn.

Ṣówándé kò kú. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n sì gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ìgúnpá. Ibi tí iná gbà jáde ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ́ kó tó jinná.

Wọ́n kó gbogbo ọ̀pá náà padà wálé. Obìnrin tó ń wọ̀n dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó wọ̀n wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Àwọn kan tutù, àwọn kan gbóná. Nígbà tí wọ́n tò wọ́n sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí ojú tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Wọ́n gé àwọn tó gbóná láti wo inú wọn. Dígí dára. Oje dára. Ibi tí ó yẹ kí dígí àti oje ti di ara wọn mú ni àlàfo wà, àlàfo kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, omi sì ti jókòó sínú wọn. Ìṣirò náà mọ dígí, ó mọ oje. Ó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé àwọn méjèèjì di ara wọn mú, kò sì béèrè.

Ọkùnrin náà lọ sílé ìwòsàn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá fún ìgbà pípẹ́, kò lè wọlé. Ìyàwó Ṣówándé ló rí i, ó dìde, ó gbé àga fún un. Ó ní, "Ẹ jókòó, sà." Kò mọ ẹni tó jẹ́. Ọkùnrin náà kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, ó sọ ẹni tí òun jẹ́, ìyàwó Ṣówándé sì padà sẹ́yìn bí ẹni tó rí ejò.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárí jì mí. Mi ò ṣe é pẹ̀lú ọkàn búburú. Ohun tó dára jù lọ ni mo rà. Mo mọ ohun tí mo fi ṣe é."

Ṣówándé wo ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Ó ní, "Mi ò di ohun tí ẹ fi ṣe é mú, sà. Ọ̀pá ni mo dì mú."

Lẹ́yìn náà Ṣówándé bi í pé, "Ṣé ẹ̀rọ wà tí wọ́n fi lè wọ̀n ọ́n?"

"Ó wà."

"Níbo ló wà?"

"Ní ọ̀dọ̀ wa."

"Ó bàjẹ́ ni?"

Ọkùnrin náà ní, "Kò bàjẹ́."

Ṣówándé yíjú sí ògiri.

Ọkùnrin náà ṣì ń ṣe ọ̀pá títí di òní. Kò sí ọ̀pá tó ń jáde níbẹ̀ tí wọn kò wọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń fi ọwọ́ rà á. Ó sọ fún mi pé bí òun bá ti ń na ọwọ́ sí ọ̀pá, ẹ̀rù a máa ba òun, àyà òun a máa lù kìkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń tutù. Mo ní kí ó gbàdúrà kí ẹ̀rù náà kúrò. Ó ní rárá, òun kò fẹ́ kí ó kúrò.

Alàgbà, ẹ̀yin ni mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Ẹ ní kí n fọwọ́ sí i kí ọmọ ọ̀rẹ́ yín máa wa ọkọ̀ tó ń gbé àwọn ọmọ ilé-ìwé wa. Mo bi yín bó ṣe ń wakọ̀, ẹ sì dá mi lóhùn pé ẹ mọ bàbá rẹ̀, pé olóòótọ́ èèyàn ni, pé ìyá rẹ̀ kò ní ẹlẹ́gbẹ́ nínú ìwà. Èmi náà mọ̀ wọ́n. Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kò ní jókòó sẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ẹ ò mọ bó ṣe ń ṣe bí ó bá rẹ̀ ẹ́, tí ọ̀nà sì dí, tí àwọn ọmọ ń pariwo létí rẹ̀. Ẹ ò mọ ohun tó ń mu, àti ìgbà tó ń mu ún. Mo sì rí i lójú yín pé ẹ̀rù ń bà yín láti wádìí, kí ọ̀rẹ́ yín má bàa bínú. Alàgbà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó bà yín nísinsìnyí tí ọkọ̀ ṣì dúró jẹ́ẹ́ nínú ọgbà, tí kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyí. Ọmọkùnrin náà wà níta, ó ń dúró dè yín. Ẹ jókòó tì í níwájú, kí ó fi ọkọ̀ náà gbé yín dé ọjà, kí ó sì gbé yín padà, nínú òjò yìí náà. Èmi á dúró síbí. Nígbà tí ẹ bá dé, ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ fún mi. Ẹ má tún sọ ẹni tó bí i fún mi.